Má Kì í Ṣe Máa: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Áàpù Lébẹ́ẹ̀lì Tiwa

Ẹ wo gbólóhùn yìí dáadáa: "E ma fun aboyun." Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohun tó ń sọ? Bí ẹ bá kà á ní "Ẹ má fún aboyún", ìkìlọ̀ ni. Bí ẹ bá kà á ní "Ẹ máa fún aboyún", àṣẹ ni, kí ẹ máa fún un lọ. Lẹ́tà kan náà, ìlà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè dá oyún sí, èkejì sì lè bà á jẹ́. Irú gbólóhùn yìí ni à ń rí lára ìgò àgbo àti ọ̀rá àgúnmu nínú ọjà wa, ìyẹn níbi tí ìgò náà bá tilẹ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì rárá.

Àwa tí à ń kọ èyí kì í ṣe tíṣà tó ń mú pàṣán kiri nítorí àmì ohùn. Ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù ni wá, àárín àwọn tó ń tajà la sì ń gbé. Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn: ó ti tó gẹ́ẹ́ kí àwa fúnra wa kọ áàpù fóònù tí yóò máa tẹ lébẹ́ẹ̀lì jáde ní Yorùbá tó pé, àmì orí àti àmì abẹ́, lórí ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ tí àwọn ọlọ́jà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ ní kó padà lọ ka gbólóhùn òkè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹ̀rọ tí à ń wí. Ẹ ti rí i lọ́wọ́ àwọn oníPOS, ẹ ti rí i ní ilé ìtajà: àpótí kékeré tí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ń yọ jáde lára rẹ̀. Kò lo íǹkì. Ooru ló ń lò. Bébà rẹ̀ ní èròjà tó máa ń dúdú bí ooru bá kàn án, orí ẹ̀rọ náà sì ní àwọn dọ́ọ̀tì tíntìntín tó ń gbóná, tó sì ń tutù, kí ojú tó ṣẹ́. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, dọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló wà nínú mìlímítà kan. Bébà tó fẹ̀ ní mìlímítà 58 sì máa ń gba dọ́ọ̀tì 384 lórí ìlà kan. Ibi tí dọ́ọ̀tì bá ti gbóná, á dúdú. Ibi tí kò bá gbóná, á wà ní funfun. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Orí ẹ̀rọ yìí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ Yorùbá, kò mọ èdè Ṣáínà. Dúdú àti funfun ló mọ̀.

Níbo wá ni wàhálà ti wọlé? Nígbà tí áàpù bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà, kì í fi àwòrán lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Inú ẹ̀rọ ni tábìlì kan wà tó ń sọ pé nọ́ńbà báyìí, lẹ́tà báyìí ni. Tábìlì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé kúrò ní ilé-iṣẹ́ ni èyí tí IBM gbé jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà wọn ní 1981, tí wọ́n ń pè ní code page 437. Àyè 256 péré ló ní. Ó ní á àti à. Ó ní é àti è, í àti ì, ó àti ò, ú àti ù. Ó ní àwọn lẹ́tà Gíríìkì kan. Lórí kọ̀ǹpútà IBM yẹn, ó tilẹ̀ ní ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán ọkàn pupa inú káàdì ayò. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ. Kò ní ọ. Kò ní ṣ. Ẹ gbọ́ o: àwọn tó ṣe tábìlì yẹn rí àyè fún ẹ̀rín, wọn ò rí àyè fún ẹ.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ náà "ọṣẹ" ránṣẹ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú UTF-8. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ń gba nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, ohun tí yóò sì jáde nìyí: ß╗ìß╣úß║╣. Lẹ́tà mẹ́ta wọlé, mẹ́sàn-án jáde, kò sì sí ọ̀kan tó jọ ọṣẹ nínú wọn. Ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú wo ìranù yìí lára sítíkà rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ OSE fún mi, ẹ jẹ́ n máa lọ." Báyìí ni àmì ṣe ń sọnù lára ọjà wa. Kì í ṣe pé ìyá náà kórìíra èdè rẹ̀. Áàpù ló lé e kúrò nínú rẹ̀.

A ò bú IBM o. Wọn ò ṣe tábìlì yẹn nítorí wa, ọjọ́ sì ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa lónìí pé ayé ò tíì mọ lẹ́tà Yorùbá. Láti 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn tábìlì ńlá tí gbogbo fóònù ayé ń lò. Ẹ àti ọ tí a ń lò yẹn, nọ́ńbà kan náà ni àwa àti àwọn ará Vietnam jọ ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn ni tótó abẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Epson, tó dá èdè àṣẹ ESC/POS sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí, ní tábìlì fún èdè Vietnam nínú ìlànà rẹ̀. Ti Yorùbá ńkọ́? Kò sí.

Tiwa tún ní ìdí kan tó fi yàtọ̀. Ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. "Ọ̀sẹ̀" jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú tèmi àti tìrẹ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà márùn-ún ni lójú kọ̀ǹpútà. Unicode sì ti pinnu pé àwọn ò ní fi irú lẹ́tà àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ kún tábìlì mọ́, torí pé a lè tò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé áàpù tí ẹni tí kò mọ Yorùbá kọ, tó ń ka nọ́ńbà bí ẹni ń ka lẹ́tà, á gé ọ̀rọ̀ wa níbi tí kò yẹ. Lẹ́tà á wà lókè, àmì á já sí ìlà kejì. Bí ẹ bá wá "ẹ̀kọ" nínú àkójọ ọjà yín, kò ní rí i, torí ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ lọ́nà mìíràn tó jọ ọ́ lójú ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà láti tún un ṣe wà nílẹ̀, kóòdù ìlà kan ni nínú ọ̀pọ̀ èdè tí a fi ń kọ áàpù. Ẹni tí kò jẹ níbẹ̀ ni kì í rántí kọ ìlà kan yẹn.

A kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú áàpù tirẹ̀. A bi wọ́n pé báwo la ṣe lè tẹ Yorùbá. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé èdè yín kò sí lára èdè tí ẹ̀rọ gbà, ẹ lo Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́: "èdè tí ẹ̀rọ gbà". Ẹ̀rọ tí dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀! Èyí gan-an ni irọ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ yéé gbé mì. Bí ẹ̀rọ bá lè tẹ àwòrán lógò ilé-iṣẹ́ yẹn, ó lè tẹ ọ̀. Kò sí ìyàtọ̀ lójú tirẹ̀.

Ibẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́, ẹ fi àwòrán ránṣẹ́. Fóònù yín ti mọ bí a ṣe ń ya ẹ̀ àti ọ́, ó ń yà á fún yín lójoojúmọ́ lórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí áàpù fi fọ́ǹtì tó mọ àmì wa, bíi Noto Sans tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ya lébẹ́ẹ̀lì náà sínú fóònù, kó fẹ̀ ní dọ́ọ̀tì 384. Kó sọ dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan di dúdú tàbí funfun. Kó di dọ́ọ̀tì mẹ́jọ mẹ́jọ pọ̀ sí báìtì kan, kí ìlà kan jẹ́ báìtì 48. Kó wá fi í ránṣẹ́ lórí Bluetooth pẹ̀lú àṣẹ àwòrán tó wà nínú ESC/POS. Lébẹ́ẹ̀lì tó ga ní mìlímítà 30 kò ju báìtì 11,520 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín láàárọ̀ yìí tóbi jù ú lọ dáadáa. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún sítíkà máa ń ní ojú tó ń rí àlàfo láàárín sítíkà méjì, àṣẹ mìíràn bíi TSPL tàbí ZPL ni wọ́n sì ń gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn náà ń gba àwòrán. Ọmọ tó ti kọ áàpù fún ọdún kan lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kò nílò ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, a mọ ohun tí àwọn kan á sọ.

Wọ́n á ní, "Ta ló ń ka Yorùbá? Òfin ní kí lébẹ́ẹ̀lì wà ní Gẹ̀ẹ́sì." Òótọ́ ni pé NAFDAC béèrè Gẹ̀ẹ́sì lára oúnjẹ inú páálí, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní àyè tirẹ̀: orúkọ ọjà, àdírẹ́sì, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ kò ní kí Yorùbá má sí níbẹ̀. Ní Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ń wà lára páálí oúnjẹ. Ní Vietnam, ọjà tí wọ́n bá ń tà nílùú gbọ́dọ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì ní èdè wọn. Ọjà ò kú níbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ ká bi ara wa: ìyá àgbà tó ra àgbúnmu fún ibà ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá ibà mọ̀? Ohun tí ẹ kọ tí ẹni tó máa lò ó kò lè kà, ta ni ẹ kọ ọ́ fún?

Wọ́n á tún ní, "Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n láìsí àmì." Nínú lẹ́tà gígùn, bóyá. Nínú lẹ́tà gígùn, gbólóhùn tó ṣáájú á ran èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Lébẹ́ẹ̀lì kò ní gbólóhùn tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ni, ó parí. "AGBO IBA": àgbo ni àbí àgbò àbí agbo? Ibà ni àbí ìbà? Ẹ ó rẹ́rìn-ín pé kò sẹ́ni tó máa ro pé àgbò wà nínú ìgò. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú á rí i pé omi ni. Ṣùgbọ́n ojú kò lè rí má àti máa. "E ma lo pelu oti." Kí ni ìgò fẹ́ fi ran yín lọ́wọ́ níbẹ̀? Kí ni awọ omi fẹ́ sọ? Ibi tí ìméfò kò ti lè pani, ẹ máa méfò lọ. Lára oògùn, rárá o.

Àwọn kan tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí á sọ pé, "Áàpù lébẹ́ẹ̀lì kún orí Play Store. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ tún kọ òmíràn?" Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì tọ́ sí ìdáhùn gidi. Àwọn áàpù yẹn ń fún yín ní àpótí òfìfo: ẹ kọ ohun tó bá wù yín síbẹ̀. Àpótí òfìfo kò lè gba aboyún là, torí ẹni tó ń kánjú á kọ "ma" sínú rẹ̀, yálà àmì wà tàbí kò sí. Máa fúnra rẹ̀, a ní a méjì, àmọ́ ta ló ń kọ méjèèjì lórí fóònù? Àwa náà mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ síra wa. Áàpù tí à ń wí gbọ́dọ̀ gbé gbólóhùn tó ti pé wá fún ọlọ́jà. Kó fi ọwọ́ kan "Ẹ má fún aboyún", kó jáde bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwòrán aboyún tí wọ́n fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé kà. Kó fi ọwọ́ kan "Ẹ má mu ún pẹ̀lú ọtí". Kó fi ọwọ́ kan "Ẹ gbọn ìgò dáadáa kí ẹ tó mu ún". Kó fi ọwọ́ kan "Ẹ̀pà wà nínú rẹ̀", torí ẹ̀pà wà lára ohun tí ara àwọn ẹlòmíràn kò gbà rárá. Kí apòògùn ti wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ti wò ó, kó tó wọ inú áàpù.

Kó tún fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ọlọ́jà pamọ́ kó má baà máa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ gbogbo. Kó ṣírò ọjọ́ tí ọjà á bàjẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kó ṣiṣẹ́ láìsí dátà, torí Bluetooth kò nílò dátà, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ tútù fi gbọ́dọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè kọ "ẹ̀kọ" sára ọ̀rá. Àwọn áàpù ìlú òkèèrè kan ń gba owó oṣooṣù ní dọ́là fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó mọ iye tí a fi ń ṣẹ́ dọ́là, ẹ dá wa lóhùn: ta ló fẹ́ san án nínú àwọn tó ń tajà lórí àtẹ?

Ẹnì kan á ní, "Bébà olóoru ń ṣá." Òótọ́ ni. Oòrùn ń bà á jẹ́, epo ń bà á jẹ́, ohun tí a kọ sórí rẹ̀ á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ọjà tí kò ní pẹ́ nílẹ̀ ló bá a mu jù: zóbò, ẹ̀kọ, wàrà, ọ̀jọ̀jọ̀, oúnjẹ inú ike. Fún ọjà tó máa pẹ́, ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń fi ooru yọ́ íǹkì láti ara rìbọ́ọ̀nù sórí sítíkà, tiẹ̀ máa ń pẹ́ ju èyí lọ. Áàpù kan náà lè bá méjèèjì sọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí ohun tí ọlọ́jà ń ṣe tẹ́lẹ̀: ó ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á ní kó mú owó ẹgbẹ̀rún sítíkà wá kí àwọn tó gbé ẹ̀rọ tan. Ẹni tó fẹ́ ta ìgò mẹ́wàá kò ní ẹgbẹ̀rún ìgò. Ó á kúkú tà á láìsí lébẹ́ẹ̀lì. Mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ yìí á tẹ̀ fún un, ó sì tán.

A fẹ́ bá ara wa wí díẹ̀, àwa ọ̀dọ́ tó wà nídìí tẹkinọ́lọ́jì. A ń kọ áàpù tó ń gbé oúnjẹ kiri ìlú, a ò kọ èyí tó máa sọ ohun tó wà nínú oúnjẹ. A ń kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń dáhùn ìbéèrè, ìyá tó wà ní òdìkejì títì kò sì lè tẹ orúkọ ọjà rẹ̀ jáde. A fi "Ọmọ Yorùbá Àtàtà" sí orí prófáìlì wa pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, a wá lọ fi OSE DUDU ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí Yorùbá bá wà fún prófáìlì nìkan, tí kò wọ ọjà, tí kò wọ oògùn, tí kò wọ ìwé ìsanwó, aṣọ òde ló dà yẹn. Èdè tí kò bá sí lára ohun tí à ń rà àti ohun tí à ń jẹ, àwọn ọmọ wa ò ní rí ibi tí wọ́n á ti máa kà á.

Àwọn tó ṣáájú wa ò ní fóònù. Ní 1875, wọ́n jókòó ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1884, odindi Bíbélì ti jáde ní Yorùbá, lẹ́tà òjé ni wọ́n fi tò ó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́. Bí ẹ̀rọ kò bá ní ẹ, wọ́n á wá ẹ. Ní ọwọ́ tiwa, fọ́ǹtì jẹ́ ọ̀fẹ́, Gboard ní Yorùbá, Unicode ti ṣe tiẹ̀, ẹ̀rọ ti wà lórí káńtà. Àwáwí wo ló kù?

Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù, ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹ yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ oníPOS àdúgbò yín fún ọjọ́ kan. Ẹ tẹ "Ẹ má fún aboyún" jáde gẹ́gẹ́ bí àwòrán, kí ẹ rí i fúnra yín pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú u lọ bá alágbo kan, ẹ bi í ní ìkìlọ̀ mẹ́wàá tó máa ń sọ fún oníbàárà lẹ́nu, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe sọ wọ́n. Ẹ gbé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ bá apòògùn kí ó bá yín yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀yin tó kọ́ Yorùbá níwèé, ẹ bá wọn fi àmì sí i, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá fi owó lọ̀ yín. Ẹ wá tú kóòdù náà sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ará Ìbàdàn lè lò ó, kí ará Kétu lè lò ó, kí ẹni tó ń ta gààrí ní Peckham lè lò ó. Iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìyá alágbo ti ń tajà láti àárọ̀, àwọn aboyún sì ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.